Ìwọ̀n Iyán ni Mo Dín Kù, N Kò Kọ Iyán Sílẹ̀

Ìbéèrè yín nípa ìyá yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àtọ̀gbẹ, àrùn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga jù, tí wọ́n ń bá yí lónìí ni èmi náà bá yí ní ọdún 2017. Ẹ ní àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 214 mg/dL láàárọ̀ kí wọ́n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, pé dókítà ti kọ oògùn fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti búra pé kò sí ẹni tó máa gba iyán lọ́wọ́ àwọn. Èkìtì kete ni wọ́n, n kò sì lè bá wọn wí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn àgbà wa ló sọ pé iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe já iyán gbà lọ́wọ́ wọn lójijì. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò ní Ìkẹ́rẹ́, 238 ni wọ́n bá níbẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ iyán, ìrẹsì àti gààrì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí mo wá ń fi ẹ̀fọ́ àti omi gbé ọjọ́ ró. Bẹ́ẹ̀ glibenclamide ni mo ń lò, oògùn tó máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, mo wà lóko, òógùn tútù bò mí, ojú mi ṣú, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n débi pé àdá bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó bá mi lọ ló sáré lọ ra ẹlẹ́rìndòdò ní ẹ̀bá títì, tó fún mi mu díẹ̀díẹ̀ títí ojú mi fi là. Ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ ju 70 lọ léwu gan-an, nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà wọn pé ẹ fẹ́ yí oúnjẹ padà, kí ó lè yẹ oògùn náà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn. Wọ́n sọ fún mi pé èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò pọ́n kò ní ṣúgà, mo sì ń jẹ ọkà rẹ̀ ní àjẹyó lálaalẹ́. Ṣúgà mi kò wálẹ̀, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wíìtì àti iṣu, ara ń sọ gbogbo wọn di ṣúgà. Bí ènìyàn bá jẹ wọ́n ju ìwọ̀n lọ, ibì kan náà ni wọ́n ń já sí.

Ìgbà tí mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ni ojú mi tó là. Iyán tó tó ìkúùkù mi méjì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gbé mi dé 271 lẹ́yìn wákàtí méjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi gbé àwo kékeré tí a fi ń bu oúnjẹ fún ọmọdé, ó fi iyán tó tó ìkúùkù kan péré sí i, ó wá ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún àwo ńlá, ó sì fi ẹja méjì sí i. Mo jẹ ìdajì ẹ̀fọ́ náà àti ẹja kan kí n tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, 168 ni. Iṣu tí odó ti gún kúnná kì í pẹ́ dà nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ àti ẹja tó ti ṣáájú rẹ̀ wọ ikùn kì í jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ìgbà náà, ọ̀sán ni mo ń jẹ iyán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì máa ń rìn fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín rọ́pò búrẹ́dì àti tíì oníwàrà tí mo ń fi ṣúgà mu láàárọ̀. Mo fi ohun mímu adùn sílẹ̀ pátápátá, àti oyin pẹ̀lú, nítorí ṣúgà ni oyin náà. Ọsàn ni mo ń jẹ, n kì í mu omi rẹ̀ tí wọ́n fún sínú ife. Àsìkò iṣu tuntun ló le jù fún mi, nígbà tí òórùn iyán bá gba gbogbo àdúgbò tí gbogbo ilé sì ń pe ènìyàn wá jẹun. Ẹ̀fọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè níbikíbi tí mo bá dé.

Ní ti ìyá yín, ẹ má ṣe se oúnjẹ tiwọn lọ́tọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Kí gbogbo ilé jọ máa jẹ ẹ̀fọ́ tó pọ̀ àti iyán tó mọ níwọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn máa wo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun. Èmi kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ títí mo fi rí 271 náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́ 9.4%, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó di 6.6%. Mo ṣì ń lo oògùn, ṣùgbọ́n dókítà ti yí i padà sí metformin nìkan. Ẹ kọ orúkọ oògùn ìyá yín ránṣẹ́ sí mi, kí n lè sọ àwọn ìbéèrè tí ẹ máa gbé lọ bá dókítà wọn.