Ṣé Wi-Fi ọ̀fẹ́ lè dé abúlé wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní abúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Táwọn ọmọ bá fẹ́ wo èsì JAMB wọn, àfi kí wọ́n gun orí àpáta kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé. Ọmọ wa kan tó wà ní London lóun máa ra irinṣẹ́ Wi-Fi ká lè máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí àlá lásán ni?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa. Ó ṣeé ṣe dáadáa! Ní Nepal, tíṣà kan tó ń jẹ́ Mahabir Pun gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé abúlé rẹ̀ tó ń jẹ́ Nangi láàárín òkè ńláńlá, láti Pokhara ni wọ́n ti ń ta á látaré láti òkè dé òkè, orí igi ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ so eríà mọ́, nígbà tó di 2007 wọ́n fún un ní Ramon Magsaysay, ẹ̀bùn ńlá kan nílẹ̀ Éṣíà. Nílé wa níbí náà, àjọ kan tó ń jẹ́ Fantsuam Foundation ti ṣe irú ẹ̀ ní Kafanchan, ní Kaduna.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ẹni tí á máa sanwó lóṣooṣù. Ó lè jẹ́ ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọ iléèwé o, ṣùgbọ́n ẹnì kan á ṣì máa ra dátà tó ń wọlé, bátìrì sólà náà á sì kú lọ́jọ́ kan. Ní Mankosi, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Zenzeleni, ìyẹn "ẹ ṣe é fúnra yín" lédè Xhosa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú Yunifásítì Western Cape, sólà tó ń gbé irinṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń cháàjì fóònù fáwọn èèyàn, wọ́n á gba owó díẹ̀. Ṣé ẹ rí i, àwọn èèyàn yín náà ṣáà ń sanwó cháàjì lọ́jà, ẹ jẹ́ kí owó yẹn máa wọlé síbí, kẹ́ ẹ sì yan ìyá kan tí gbogbo abúlé fọkàn tán kó máa tọ́jú ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún igi o. Mo rí iléèwé kan tí wọ́n kọjú díìṣì tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò, nígbà ọyẹ́ ó ń ṣiṣẹ́ geerege, àmọ́ nígbà tí òjò dé tí ewé tutù tó sì ki, gbogbo ẹ̀ dákẹ́, wọ́n ń bú rọ́tà tó ń pín Wi-Fi, bẹ́ẹ̀ rọ́tà ò mọwọ́mẹsẹ̀, ewé ló dínà.

Ẹ tún béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa USPF náà, ìyẹn owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibi tí kò tíì dé, torí àwọn abúlé bíi tiyín gan-an ni òfin 2003 ṣe dá owó yẹn sílẹ̀.

Kí ọmọ yín tó wà ní London má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gun àpáta yẹn lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa fojú rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nílùú tó sún mọ́ yín, torí díìṣì yín gbọ́dọ̀ lè kọjú sí i láìsí ohun tó dínà, kẹ́ ẹ wá ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.