Irú vape wo ni kí n rà, ṣé mo sì lè ṣe kọ́ìlì rẹ̀ fúnra mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Leeds ni mo ń gbé. Sìgá ni mò ń fà tẹ́lẹ̀ kí n tó bọ́ sórí vape àlòsọnù, àmọ́ látìgbà tí ìjọba ti fòfin dè é, mi ò mọ èyí tí ǹ bá rà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe kọ́ìlì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbóná tó ń sọ omi vape di èéfín, ó ní owó táṣẹ́rẹ́ lòun ń ná sí i. Irú ẹ̀rọ wo ló yẹ mí? Ṣé èmi náà lè kọ́ ọ? Ẹ̀rù bátìrì tó ń gbiná ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Bí ẹ ṣe ń fa sìgá tẹ́lẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, kí á tó wo iye owó tàbí ẹwà ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fa sìgá máa ń gba èéfín sẹ́nu ná kó tó mí i wọ ẹ̀dọ̀fóró, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fa ti àlòsọnù. Tẹ́ńkì (ibi tí omi vape àti kọ́ìlì ń wà) tí ihò atẹ́gùn rẹ̀ há, tó ń lo wáàtì 10 sí 18, ló máa bá yín lára mu. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń tú èéfín bí ìgbà tí wọ́n dáná sun oko wà fún ẹni tó ń mí i wọlé tààrà. Wáàtì 40 sí 80 ni wọ́n ń jẹ, omi inú wọn kì í sì pẹ́ tán.

Èyí kan nikotíìnì gan-an. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kó ju mílígíráàmù 20 lọ nínú mìlílítà kan, ìgò rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mìlílítà 10 lọ, tẹ́ńkì ò sì gbọdọ̀ ju mìlílítà 2. Nínú tẹ́ńkì tó há, ẹni tó ń fa sìgá gan-an lè bẹ̀rẹ̀ láti 12 títí dé 18. Tí ẹ bá da irú omi bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ńlá, òòyì á kọ́ yín, inú á sì máa rú yín. 3 tàbí 6 ló tọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò fa sìgá rí kò ní ìdí kankan láti gbé èyíkéyìí nínú wọn sẹ́nu, torí nikotíìnì tètè ń di bárakú.

Tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà rárá, ẹ ra pod, ìyẹn vape kékeré tó ṣeé ṣáájì, tí wọ́n ń pààrọ̀ kọ́ìlì rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, nǹkan méjì lẹ máa rà: tẹ́ńkì RTA (èyí tí ènìyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kọ́ìlì sínú rẹ̀) oníkọ́ìlì kan tó há, àti mod (àpótí tí bátìrì ń wà, tí tẹ́ńkì ń jókòó lé) tó ní chip tó ń ṣọ́ bátìrì. Chip yìí ni yóò ka ohm kọ́ìlì yín, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, òun náà ni kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tí wáyà bá kan ara wọn. Mod tí wọ́n ń pè ní mechanical kò ní chip kankan. Bátìrì àti kọ́ìlì ló dojú kọ ara wọn. Mi ò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nímọ̀ràn kó fọwọ́ kàn án. Bátìrì tó kún jẹ́ fólítì 4.2. Tí kọ́ìlì bá jẹ́ ohm 0.5, ẹ pín 4.2 sí 0.5: áńpù 8.4 nìyẹn, bátìrì gidi lè gbé e. Tó bá jẹ́ ohm 0.15, ó di áńpù 28, ọ̀pọ̀ bátìrì 18650 (irú bátìrì róbótó tí wọ́n ń lò nínú mod) kò sì lè gbé e láìgbóná kọjá ààlà.

Ẹ ra bátìrì Samsung, Murata tàbí Molicel lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Èyí tí wọ́n kọ mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà) 9900 sí lára, ayédèrú ni. Tí ọ̀rá ara bátìrì bá ti ya, ẹ má lò ó títí ẹ ó fi wé òmíràn sí i. Ẹ má sì jù ú sápò tí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́ wà. Ibẹ̀ gan-an ni iná tó ń bà yín lẹ́rù ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń wọ bàálù lọ Èkó, inú báàgì ọwọ́ ló ń wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ó wá kan kọ́ìlì. Wáyà Kanthal A1 géèjì (ìwọ̀n sísanra) 28 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ra wáyà níkẹ́ẹ̀lì Ni200 tàbí titanium, torí mod tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ìgbóná ni wọ́n wà fún, wọn kò ṣeé lò lórí wáàtì lásán. Ẹ gé wáyà náà tó sẹ̀ǹtímítà 12, kí ọwọ́ yín lè ríbi dì mú, kí ẹ sì yí i mọ́ irin róbótó tó jẹ́ mìlímítà 2.5 nígbà mẹ́fà. Ẹ fà á le bí ẹ ṣe ń yí i. Mítà kan wáyà yìí jẹ́ nǹkan bí ohm 18. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ló máa ṣiṣẹ́ nínú tiyín, ìyẹn á fún yín ní ohm 1.1. Tí ẹ bá tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ohm á fi bíi 0.16 lé sí i.

Ẹ má tíì yọ irin náà. Ẹ ki ẹsẹ̀ wáyà méjèèjì sábẹ́ skúrù, kí ẹ dè é le ṣùgbọ́n kí ó má gé wáyà. Kọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà lókè ihò atẹ́gùn ní bíi mìlímítà 2, kó má kan òpó tàbí ilẹ̀ tẹ́ńkì. Ẹ wá gé ìyókù ẹsẹ̀ wáyà kanlẹ̀. Ṣóńṣó kékeré tó bá ṣẹ́ kù lè kan ìdérí, kí wáyà sì gbáná.

Ẹ gbé e sórí mod kí ẹ wo nọ́ńbà ohm rẹ̀. Tó bá wà láàárín 1.0 sí 1.2, ó dáa. Tó bá ń fò sókè sódò, skúrù ò le. Tó bá já wálẹ̀ gan-an, nǹkan kan ń kan nǹkan. Lórí wáàtì 10, ẹ tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì: kọ́ìlì gbọ́dọ̀ pọ́n láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí ibì kan bá ń dá pọ́n ṣáájú, ẹ jáwọ́ lára bọ́tìnnì, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ seramíìkì fún kọ́ìlì náà pọ̀, kí ẹ tún wò ó. Ẹ̀mú onírin kò gbọ́dọ̀ kàn án nígbà tí iná wà lára rẹ̀.

Òwú, tó ń fa omi vape wá sínú kọ́ìlì, ló ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ fà á gba inú kọ́ìlì. Ó gbọ́dọ̀ máa fà pẹ̀lú agbára díẹ̀. Tó bá ń tẹ kọ́ìlì wọ́, ó pọ̀ jù; tó bá ń yọ̀ lọ fẹẹrẹ, ó kéré. Ẹ gé ìrù rẹ̀ kó ṣáà dé ilẹ̀ ihò tí omi ń gbà wọlé, ẹ yà á pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ẹ má sì ki í mọ́lẹ̀. Ẹ fi omi vape rin ín dáadáa kí ẹ tó tan iná, ẹ kún tẹ́ńkì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wáàtì 11.

Omi tí PG (propylene glycol) àti VG (vegetable glycerine) rẹ̀, èròjà méjì tí wọ́n fi ń po omi vape, jẹ́ ìlàjì sí ìlàjì ló ń tètè wọ òwú nínú tẹ́ńkì tó há. Èyí tí VG rẹ̀ pọ̀ gan-an máa ń ki jù. Ẹ má da ohunkóhun tó jẹ́ epo sínú rẹ̀ láéláé, ìbáà ṣe èròjà adùn inú oúnjẹ. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ ènìyàn bàjẹ́, àwọn kan sì kú. Vitamin E acetate, tó jẹ́ epo, tí wọ́n pò mọ́ omi igbó, ni àwọn oníwádìí tọ́ka sí jù.

Tí omi bá ń jò láti ihò atẹ́gùn, òwú kéré tàbí ìrù rẹ̀ kò dé ilẹ̀. Tí ọ̀fun bá ta yín, tí ẹ sì tọ́ ohun jíjó wò, ẹ má fà á lẹ́ẹ̀kejì: òwú ti gbẹ. Bóyá ó pọ̀ jù tí omi ò ráyè wọlé, bóyá wáàtì ló ga. Òwú tó ti jó kan kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ yọ ọ́ sọ nù. Wáyà ní tiẹ̀ lè wà níbẹ̀; ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi òwú tuntun sí i. Omi olóyinmọmọ ló ń tètè dọ̀tí kọ́ìlì. Tí wáyà bá ti dúdú tí kò ṣí mọ́, ẹ yí òmíràn.