Ìbéèrè Yín: Mítà Bátìrì Nínú Ọkọ̀ Gọ́ọ̀fù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi ni mo ń bójú tó gbọ̀ngàn àríyá kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. A ní ọkọ̀ gọ́ọ̀fù oníbátìrì tí a fi ń gbé àwọn àgbàlagbà láti ẹnu géètì dé inú gbọ̀ngàn. Bátìrì olómi mẹ́fà ló wà lábẹ́ àga rẹ̀, ìdérí mẹ́rin sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó ń sọ fún wa bí iná inú rẹ̀ ṣe kù sí, ó sì ti dákú mọ́ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú àlejò lórí rẹ̀. Mo wá ra mítà kékeré onínọ́ńbà, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú mọ́tò, tí kò gbà ju fólítì 30 lọ. Ríwáyà tí mo pè ní òun yóò so ó mọ́ méjì péré nínú àwọn bátìrì náà, òun yóò sì de wáyà dúdú rẹ̀ mọ́ irin ara ọkọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é? (Alábòójútó, Òkè-Fìà)

ÌDÁHÙN: Ó dára tí ẹ ní kí ó dúró ná. Ohun méjèèjì tí ríwáyà yín fẹ́ ṣe ni kò bá ọkọ̀ yìí mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè dá a lẹ́bi púpọ̀, nítorí iṣẹ́ mọ́tò ni ó kọ́, bí wọ́n sì ti ń de wáyà nínú mọ́tò ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iye iná tó wà nínú ọkọ̀ yín. Lábẹ́ ìdérí kọ̀ọ̀kan lórí bátìrì olómi, yàrá kan wà tó ń mú nǹkan bíi fólítì 2 wá. Ìdérí mẹ́rin fi hàn pé bátìrì fólítì 8 ni tiyín. Mẹ́fà tí a so tẹ̀léra sì jẹ́ fólítì 48. Ká ní ìdérí mẹ́ta ni, 36 ni ìbá jẹ́. Mítà tí kò gbà ju 30 lọ yóò jóná bí ẹ bá so ó mọ́ gbogbo wọn, ìdí sì nìyẹn tí ríwáyà fi fẹ́ fi í mọ sórí méjì.

Ṣùgbọ́n mítà tó wà lórí bátìrì méjì kò mọ ohunkóhun nípa mẹ́rin yòókù. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́fà jọ gbé ẹrù, tí a wá ń bi méjì léèrè bóyá ó ti rẹ gbogbo wọn. Ewu kejì kò tètè hàn: àwọn méjì yẹn ni yóò máa bọ́ mítà náà, díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn yòókù, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣáájì kò sì ní mọ̀, nítorí àpapọ̀ iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìkan ni ó ń rí. Àwọn méjì náà kò ní yó, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì máa yó jù.

Ní ti irin ara ọkọ̀, nínú mọ́tò, nẹ́gátíìfù bátìrì wà lára irin, nítorí náà ibi tó bá wù ọ́ lo lè de wáyà dúdú mọ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: bátìrì dá dúró, kò kan irin níbì kankan. Bí ẹ bá de wáyà mítà mọ́ irin, mítà náà lè má tàn. Èyí tó burú jù ni pé ẹ ti mú iná bátìrì wá sára irin, ọjọ́ tí awọ wáyà mìíràn bá sì bó, tí ó kan irin kan náà, iná lè sọ.

Nítorí náà, ẹ ra mítà mìíràn tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó gbà tó fólítì 70, bí ó bá sì jẹ́ 100, ó tún dára jù, nítorí iná bátìrì 48 lè kọjá 60 nígbà tí ó bá wà lórí ṣáájì. Ẹ yan oníwáyà méjì. Nínú àwọn oníwáyà mẹ́ta, wáyà tó ń fún mítà lóúnjẹ sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò gbà ju 30 lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sun mítà wọn.

Wáyà dúdú yóò lọ sí nẹ́gátíìfù àgbà, èyíinì ni orí bátìrì tí ó wà ní ìparí gbogbo ìsokọ́ra náà. Pupa kò gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí pọ́sítíìfù àgbà, nítorí mítà yóò máa tàn tọ̀sán tòru. Ẹ gbà á láti ẹ̀yìn swíìṣì kọ́kọ́rọ́, kí ó lè kú nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Ẹ má tẹ̀lé àwọ̀ wáyà. Ẹ fi mítà ọwọ́ wọn ibẹ̀ ná: ẹ fi ẹsẹ̀ dúdú rẹ̀ sí nẹ́gátíìfù àgbà, ẹ fi pupa kan ẹ̀yìn swíìṣì, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá fi iye gbogbo bátìrì hàn, ibẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ 12, ẹ ti bọ́ sórí wáyà iná-orí tàbí ti fèrè, mítà yín yóò sì máa sọ 12 títí bátìrì yóò fi kú. Ẹ fi fíúsì ámpù 1 sí ara wáyà pupa nítòsí ibi tí ẹ ti gbà á, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí a kọ fólítì tó ju 60 sí, nítorí ọ̀pọ̀ fíúsì mọ́tò jẹ́ 32.

Bí ẹ bá ti wọn ibẹ̀ tán, kí ríwáyà tó so wáyà kankan, kí ó yọ kọ́kọ́rọ́, kí ó yí bọ́tìnnì abẹ́ àga sí Tow (ipò tí a ń fi ọkọ̀ sí bí a bá fẹ́ fà á) bí ọkọ̀ bá ní i, kí ó sì kọ́kọ́ tú nẹ́gátíìfù àgbà. Kí ó bọ́ òrùka àti aago, kí ó fi téèpù wé ọwọ́ sípánà. Sípánà tó bá já bọ́ sórí ẹnu méjì bátìrì lè pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáájì tán, ẹ ṣí àga sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ bátìrì jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣá iná níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kíkà rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà pé kí ó má dẹ́rù ba ara rẹ̀: nígbà tí àlejò bá kún orí rẹ̀ tí ó sì tẹ pẹ́dà, nọ́ńbà yóò já wálẹ̀, yóò sì padà gòkè bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Èyí tí a lè gbà gbọ́ ni ti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, tí kò sí lórí ṣáájì. Nígbà náà, nǹkan bíi 50.9 ni bátìrì tó yó, 48.4 sì jẹ́ ìdajì. Bí ó bá ti dé 46.6, ìdá márùn-ún kan péré ló kù, a kò sì ní jẹ́ kí ó sábà dé ibẹ̀. Bí ó bá ń tètè dé ìdajì ju bó ti yẹ lọ, ẹ wọn bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni aláìsàn. Ẹ wo omi rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má sì bu píọ̀ wọ́tà sí i.

ÌBÉÈRÈ: Bátìrì lítíọ́mù ni tèmi, mítà sì wà lórí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ó tó kú lójijì. (Olùkàwé, Ìgbóná)

ÌDÁHÙN: Mítà yín kò purọ́. Fólítì bátìrì lítíọ́mù irú ti ọkọ̀ gọ́ọ̀fù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí ó bá yó títí ó fi kù díẹ̀ kí ó tán, nítorí náà fólítì nìkan kò lè sọ ohun tó kù. Mítà tó ń ka ámpù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ni kí ẹ ra, èyí tó ní ṣọ́ǹtì, ìyẹn irin kékeré tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá kí mítà lè wọ̀n ọ́n, tí a ń so mọ́ nẹ́gátíìfù àgbà. Kí gbogbo wáyà nẹ́gátíìfù, títí kan ti ṣájà, gba inú ṣọ́ǹtì yẹn kọjá; kí ẹ ṣáájì ọkọ̀ kún, kí ẹ sì sọ fún mítà pé ó ti kún, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.