"Kọ́" wo ló wà nínú "ọmọ tí a kò kọ́"?

Ọmọ mi, ìwọ tí o ní kí n la òwe "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà", tí o ní o gbọ́ lórí rédíò pé ọmọ tí kò lọ ilé ìwé ni òwe ń bá wí: inú bí mi gan-an. Ta ló sọ fún wọn pé ilé ìwé nìkan la ti ń kọ́ ọmọ?

Ẹ tẹ́tí sí ohùn ọ̀rọ̀ yẹn. "Kọ" olóhùn àárín la fi ń kọ lẹ́tà. Ti òwe yìí, olóhùn òkè ni, òun náà la fi ń kọ́ ilé. Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nìyí: olùkọ́ kọ́ ọmọ, ọmọ kọ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Àwọn kan ní kí a fi pàṣán ti àkọ́sórí sí ọmọ lágbárí; àwọn kan ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ kó máa wádìí fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n là sí méjì tí wọ́n ń fi jà.

Ìyá mi àgbà kò là á. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ní "Àlọ́ o!", a ó ní "Àlọ̀!" "Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Wọn kì í sọ ìdáhùn. Bí ẹnì kan bá ní ẹja ni, wọ́n á bi í pé ẹja wo ló ń torí bọ omi gbígbóná, títí ẹnì kan yóò fi rántí ìkòkò àmàlà lórí ààrò: orógùn! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ kan nínú àlọ́ náà, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí. Àkọ́sórí rèé, ìwádìí rèé, ewì rèé. Ayò, oníhò 12, ọlọ́mọ 48, ìṣirò nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, rí i pé èdè ilé yìí náà lè gbé ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Láti 1970, ní Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, àfi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilé ìwé tèmi, pátákó ni wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn nítorí pé mo sọ Yorùbá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pa àlọ́ orógùn fún ọmọ-ọmọ mi. Fóònù ló na ọwọ́ sí. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó wọ ilé ìdáná lọ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.