Aago 2 Òru Kì Í Ṣe Àkókò Ìṣirò Gbèsè

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan, ẹni ọdún 44, ló kọ̀wé sí mi láti Ìsánlú. Lẹ́tà rẹ̀ gùn, ibi tó ká mi lára jù nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí n kò ti rí oorun gidi sùn. Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni owó gàrí já wálẹ̀. Tó bá ti di aago 2 òru, ojú mi á là kedere, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Bàbá àwọn ọmọ á máa hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú á túbọ̀ máa bí mi. Mo ń ra Valium, oògùn tó ń múni sùn, ní kẹ́míìsì. Ẹyọ kan ni tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní aago 2 yẹn kì í ṣe ojú lásán, wọ́n ní kí n wá ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta."

Àbúrò mi, bàbá tó ń hanrun ò ṣẹ̀ ọ́. Ṣé ó tilẹ̀ mọ iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ? Lẹ́tà rẹ ò sọ ọ́, mo sì fura pé o ò tíì sọ fún un.

Ní ti aago 2, kò sẹ́ni tí kì í ta jí lóru. Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun máa ń jinlẹ̀ jù; tó bá ti di aago 2, aago 3, ó ti fúyẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á yíra padà, kò tiẹ̀ ní rántí láàárọ̀. Ìwọ jí, gbèsè ti jókòó sétí ibùsùn, ó ń dúró dè ọ́. Àyà rẹ á máa lù, ara á gbà pé ewu dé, oorun á sá. Gbàdúrà o, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò rí oorun sùn tún lọ ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, n kò mọ àìsàn tí ìyẹn fẹ́ wò.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Ọdún tí ọjà mi ṣòfò, mo mọ iye pátákó tó wà ní àjà yàrá mi: 23 ni. Màá máa tòògbé lórí àga ní pálọ̀, àmọ́ kí n ṣáà ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ojú á là. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé, "Ìyá, ẹ ti kọ́ ibùsùn yín ní iṣẹ́ ọdẹ."

Bí o bá jí, tí oorun ò padà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, dìde. Fojú bu àkókò náà ni o, yí aago kọ ojú sí ògiri. Lọ jókòó sí pálọ̀ nínú iná bàìbàì, máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí o máa ká aṣọ. Fóònù kọ́. Tí oorun bá kùn ọ́, padà. Tó bá tún sá, tún dìde. Aago kan náà ni kí o máa jí láràárọ̀, bó ti wù kí òru burú tó, má sì sun oorun ọ̀sán dí i. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le, n kò ní parọ́ fún ọ. Ìlànà yìí wà lára ìtọ́jú tí àwọn dókítà ń fi ṣáájú oògùn nígbà tí àìróorunsùn bá ti kọjá oṣù mẹ́ta.

Gbé ìṣirò yẹn lọ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ pẹ̀lú ìwé àti bíìrò: iye gbèsè, owó tó wọlé, owó epo, ẹni tí o fẹ́ lọ rí lọ́la. Kí orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Lọ bá a kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Ẹni tó bá ń sá pa mọ́ ni ẹgbẹ́ ń lé kiri. Tí ọkàn bá tún gbé e dé ní aago 2, dá a lóhùn pé ó wà nínú ìwé.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni o fi obì tí o ń jẹ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Obì àti kọfí (àwa tí a tún ń gbin kọfí ní Kàbà níbí!), kaféènì, èròjà tó ń lé oorun, ló wà nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára. Jẹ ẹ́ láàárọ̀.

Valium gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bí ẹyọ kan ṣe ń di méjì nìyẹn, ara ti ń mọ́ ọn lára. Àmọ́ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi jáwọ́ lójijì: ó lè mú kí àìsùn le sí i, ó tilẹ̀ lè fa gìrì. Gbé páálí rẹ̀ lọ fún dókítà, kó bá ọ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Má fi ọtí tàbí Tramadol kún un láé. Jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, bí òógùn bá sì ń bò ọ́ lóru, sọ ọ́, nítorí ọjọ́ orí rẹ ti ń sún mọ́ ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró. Bí ìrònú bá dé ibi pé ikú yá, ọjọ́ náà ni kí o lọ, mú ẹnì kan dání.

Ní ti bàbá àwọn ọmọ, pè é wá wo ìwé yẹn ní aago 5. Má jí i lóru. Bí èémí rẹ̀ bá sì máa ń dáwọ́ dúró nídìí ìhanrun náà kó tó tún bú jáde, òun náà ní ohun tó fẹ́ bá dókítà sọ. Ẹ jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ.