Tí kọ́ńsónáǹtì bá kún ráàkì: ẹ ka iye lẹ́tà tí ẹ máa fà

Ìbéèrè náà ni pé kí ni kí èèyàn ṣe tí ráàkì, ìyẹn ibi tí èèyàn ń to lẹ́tà méje rẹ̀ sí nínú eré Scrabble olédè Gẹ̀ẹ́sì, bá kún fún kọ́ńsónáǹtì, tí fáwẹ̀lì kò sí tàbí tó jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré wá ọ̀rọ̀ tí kò ní fáwẹ̀lì. Èmi gbà pé iye lẹ́tà tí ẹ máa fà lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Lẹ́tà 100 ló wà nínú eré: fáwẹ̀lì 42, kọ́ńsónáǹtì 56 pẹ̀lú Y méjì, àti bláǹkì 2 (òfìfo tó lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí). Tí méjèèje tí ẹ kọ́kọ́ fà bá jẹ́ kọ́ńsónáǹtì, lẹ́tà 93 ni ẹ kò tíì rí, 42 nínú wọn sì ni fáwẹ̀lì. Ẹni tó fa méjì péré, nǹkan bí ìgbà 30 nínú 100 ni kò ní bá fáwẹ̀lì kankan. Ẹni tó fa mẹ́ta, 16. Ẹni tó fa márùn-ún, kò tó 5. Ìdí nìyẹn tí HM, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì tí kò ní fáwẹ̀lì, fi ń tan èèyàn jẹ. Lórí bọ́ọ̀dù òfìfo, máàkì 14 ni, ṣùgbọ́n tí B, C, D, G, T bá kù sílẹ̀, ìyà yẹn lè tẹ̀lé yín dé ìgbà kejì àti ìkẹta. Ẹ pààrọ̀. Ẹ gba òdo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mú R, S, T, N tàbí L méjì sí mẹ́ta dání, kí ẹ dá ìyókù padà sápò. V ni kó kọ́kọ́ lọ, torí kò sí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì kankan tó ní V.

Tí Y bá wà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ wo H, M, N, P, R, T, Y. MYTH wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n NYMPH ló dáa jù: tí ẹ bá fi N sórí ìràwọ̀ àárín, tó ń sọ máàkì gbogbo ọ̀rọ̀ di méjì, H á bọ́ sórí ilé tó ń sọ lẹ́tà di méjì, ẹ ó gba 38, lẹ́tà márùn-ún á sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. CRWTH náà, bí ẹ bá gbé e síbi kan náà, 34 ni. Irú ọ̀rọ̀ gígùn báyìí ni ọ̀rọ̀ aláìní-fáwẹ̀lì tó yẹ kí èèyàn há sórí: CRWTH, CWM, PSST, PFFT, TSKTSK. CWM, TSK àti CRWTH ń gba S lẹ́yìn. NTH, BRR, PHT àti PFFT kì í gbà á, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń pe èèyàn níjà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí. Ẹ tún mọ ìwé ọ̀rọ̀ tí ìdíje yín ń lò: CH, ST àti KY wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Collins, wọn kò sí nínú ti Amẹ́ríkà.

Bí bọ́ọ̀dù bá ti ní ọ̀rọ̀ lórí, fáwẹ̀lì ibẹ̀ tiyín ni. Ẹ wo iwájú ọ̀rọ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ: TH níwájú ROUGH di THROUGH, ST tàbí SP níwájú RING di STRING tàbí SPRING. Bí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo bá wà pẹ̀lú S, T, R, N, G, tàbí C méjì pẹ̀lú H, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀: STRINGS, THRONGS, LENGTHS, TWELFTH, SCRUNCH, SPLOTCH, lẹ́tà méje méje ni gbogbo wọn, máàkì 50 sì wà lórí lílo méjèèje. Bláǹkì lè ṣe fáwẹ̀lì yẹn.

Ẹ tètè ṣírò. Tí lẹ́tà inú àpò kò bá tó méje mọ́, kò sí pààrọ̀. Látìgbà tí ó bá ti kù bíi 15 ni kí ẹ ti ka fáwẹ̀lì tó ti jáde, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 42. Bí èyí tó kù bá kéré, ẹ pààrọ̀ nígbà tí ààyè ṣì wà, tàbí kí ẹ tọ́jú A tàbí E tó wà lọ́wọ́ yín láti fi gbé V àti C jáde.