Ibo ni kí a kó àwọn ọmọ JSS 2 lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan ní Muṣin. Lọ́dún tó kọjá, ibi ìgbafẹ́ kan la kó àwọn ọmọ JSS 2 lọ. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, a sì kó wọn padà wálé. Àwọn òbí ní owó àwọn ṣòfò. Ibo ni kí a lọ lọ́tẹ̀ yìí, kí ni kí a sì ṣe kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan kọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Olùkọ́. Àwọn òbí yẹn kò jẹ̀bi rárá. Lójú tèmi, Abẹ́òkúta ni kí ẹ kó wọn lọ, kí ẹ sì bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ ó wọ̀ ọ́ ní ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́tà, ẹ ó sì sọ̀ ní Laderin, ibùdó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ibùdó yẹn jìnnà sí àárín ìlú, torí náà ẹ ti bá onímọ́tò kan ṣàdéhùn sílẹ̀.

Ibi méjì péré ni kí ẹ lọ: Òkè Olúmọ àti Ìtòkú. Àwọn ilé ìwé fẹ́ràn láti to ibi mẹ́rin mẹ́rin sínú ọjọ́ kan, àwọn ọmọ á kàn máa sáré sọ̀kalẹ̀, máa sáré gòkè mọ́tò. Mi ò fara mọ́ ọn.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́ wọn ní ìtàn bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta yẹn ní 1830, lásìkò ogun. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn ní méjì méjì, kí ẹ fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan tí wọn yóò lọ wá ìdáhùn rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ abẹ́ àpáta ni wọ́n sá sí? Kí ni wọ́n jẹ níbẹ̀? Inú ihò tí wọ́n sá pamọ́ sí rẹlẹ̀, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Àwọn kòtò wà lára àpáta tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ nígbà náà. Ẹ ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ. Ẹ bẹ aláró kan tó ṣì ń lo ẹlú kó pa aṣọ láró lójú wọn. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní; ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di aró gan-an. Olùkọ́ Basic Science yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ aláró ló ń lo kẹ́míkà àti sódà báyìí, ó sì lè bó èèyàn lára, torí náà kí ọmọ kankan má fọwọ́ kan omi aró.

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ àìsàn tí ọmọ ní sí i. Ọmọ tó ní asthma tàbí fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) kò gbọdọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílé, ẹ má sì fipá mú un gòkè. Olùkọ́ kan sí ọmọ mẹ́wàá tó. Ẹ máa pe orúkọ wọn kí ẹ tó wọkọ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀. Kí ẹnì kan nínú yín sì ti lọ wo ọ̀nà ṣáájú, pàápàá ibi tí wọn yóò ti tọ̀.

Bí owó kò bá tó, Mùsíọ́mù Oníkan wà nítòsí. Mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, sí ní 1976 wà níbẹ̀. Níbẹ̀ náà, ẹ pín wọn ní méjì méjì, kí ẹ sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan. Èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, torí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rówó san lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ ní kíláàsì.

Bí ẹ bá dé, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan láti kọ ìdáhùn wọn. Ní ìpàdé PTA, àwọn ọmọ fúnra wọn ni kó dìde sọ ohun tí wọ́n rí.